Ẹ́ńjìnnì Wà Nílé, Mo Ń Fọwọ́ Wa Ọkọ̀

"Rebecca! Mo ní kí o sọ àjẹ̀ yẹn sílẹ̀!"

Ohùn ọkọ mi gba orí omi kọjá, ó lọ kan ilé àwọn tó wà ní òdìkejì, ó tún padà wá bá wa lórí jẹ́tì. Ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni. Mo ti gbá ìró mi mọ́dìí, ẹsẹ̀ mi kan wà lórí àkàbà, èkejì ti wà nínú ọkọ̀ kékeré tí mo fẹ́ wà jáde. Ó di àjẹ̀ mi mú ní apá kan, èmi náà di apá kejì mú, a wá ń fà á mọ́ra wa lọ́wọ́ bí ọmọdé méjì tó ń jà sí ṣíbí.

"N kò sọ ọ́ sílẹ̀," mo ní. "Ẹ fà á dáadáa. Tí mo bá já sódò, ẹ̀yin náà lẹ máa fà mí jáde, ẹ sì mọ bí mo ṣe wúwo tó."

"O kò wúwo mọ́! Ohun tí wọ́n ń sọ kiri gan-an nìyẹn! Wọ́n ní o ti ń rù, wọ́n ní ebi ló ń pa ọ́ nílé mi!"

Ẹ gbọ́ o. Ọkùnrin tó ti ń pè mí ní àpò ìrẹsì láti ọjọ́ yìí wá, òun ló ń bínú báyìí pé mo ti fúyẹ́.

Akínsànmí lorúkọ rẹ̀. Ará Ìlàjẹ ni àwa méjèèjì, láti etí òkun Oǹdó, àmọ́ ó ti pẹ́ tí a ti ń gbé lẹ́sẹ̀ odò ní Ijala, níbí ní Warri. Ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì ló fi ń kó èrò àti ẹrù. Tí inú rẹ̀ bá dùn, Ìyá Ìlérí ló ń pè mí. Tó bá ti pè mí ní Rebecca, kí àwọn aráàdúgbò gbé àga síta ni, wọ́n fẹ́ wòran.

"Ta ló kọ́kọ́ ní ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀ odò yìí?" ó bi mí.

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló wá ń fọwọ́ wa ọkọ̀ láràárọ̀ bí ẹni tí wọ́n gba gbogbo ohun ìní rẹ̀?"

"Èmi ni. Ẹ bi mí ní ìkẹta kí n gba ẹ̀bùn."

Ìlérí, ọmọ wa obìnrin, yọ orí lójú fèrèsé tòun ti fìlà tó fi ń sùn. Warri ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ gbogbo Yorùbá tí a bá sọ, àmọ́ kì í fi dá wa lóhùn. "Una don start again? Daddy, leave my mama make she dey go jare!"

"Wọlé!" ni bàbá rẹ̀ dá a lóhùn. "Ṣé ìwọ náà fẹ́ gba àjẹ̀ ni?"

Bí ẹ kò bá gbé ẹ̀bá omi rí, ẹ lè máa rò pé orí ọkọ mi ti dàrú. Kò dàrú. Lẹ́sẹ̀ odò tiwa, ẹni tó bá ti ra ẹ́ńjìnnì kì í fọwọ́ wa ọkọ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó ṣòfin rẹ̀, gbogbo èèyàn kàn mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ ni. Tí wọ́n bá rí ẹlẹ́ńjìnnì tàbí ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú àjẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀: ó ti tà á, tàbí wọ́n ti jí i, tàbí ó bàjẹ́ tí kò sì rí ohun tó máa fi tún un ṣe. Pé èèyàn kàn fẹ́ wa ọkọ̀ kí ara rẹ̀ lè le, ìyẹn ò lè wá sí wọn lọ́kàn láyé.

Èmi alára kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo máa já sí. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, àjẹ̀ ni mo fi ń gbé ẹja lọ sọ́jà. Àtẹ́lẹwọ́ mi le bí ẹ̀yìn ahun. Lọ́jọ́ tí Akínsànmí wá tọrọ mi, ìyá mi gbá ọwọ́ mi mú, ó ṣí i hàn án, ó ní, "Wò ó, ohun tí omi ṣe fún ọmọ mi nìyí." Ọkọ mi búra níwájú ìyá mi pé ọwọ́ náà máa rọ̀. Kò parọ́. Ó ṣiṣẹ́ títí ó fi ra ẹ́ńjìnnì, bàbá aládùúrà wa ta omi sí i lára, wọ́n kọrin yí i ká. Láti ọjọ́ náà, mo di ayaba. Mo máa ń jókòó nínú ọkọ̀ dé èbúté, mo máa ń jókòó nínú kẹ̀kẹ́ dé Okere níbi tí ìsọ̀ mi wà, mo máa ń jókòó ti edé àti ẹja gbígbẹ tí mò ń tà títí ilẹ̀ á fi ṣú, mo sì tún máa ń jókòó padà sílé. Ọwọ́ mi rọ̀. Gbogbo ara mi náà sì rọ̀ mọ́ ọn.

Àkàbà jẹ́tì ló kọ́kọ́ tú àṣírí mi. Tí omi bá ti fà, àkàbà náà á gùn síta, n kò sì lè dá a gùn. Ọkùnrin méjì á máa fà mí lápá lókè, ẹnì kan á máa tì mí láti ìsàlẹ̀. Àwọn tó wà lókè máa ń pariwo "ó yá, ó yá." Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ ní tiẹ̀. Ó kàn máa ń kérora. Tí mo bá wá dé òkè, màá dúró mí títí kí n tó lè sọ pé ẹ ṣeun.

Mo bá gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, orúnkún mi sì ti ń ráhùn. "Màmá, ẹ gbọ́dọ̀ máa ṣe eré ìdárayá lójoojúmọ́."

"Tí òjò bá ń rọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í wo ojú ọ̀run kó tó ru, Màmá."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Mo ní n kò ní wọ kẹ̀kẹ́ mọ́, màá máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìsọ̀. Ṣé ẹ mọ àwọn oníkẹ̀kẹ́ Warri? Àkọ́kọ́ dúró: "Mama, enter." Mo ní mò ń rìn ni. Ó yọ orí jáde, ó wò mí tìyanu tìyanu. "Waka? Who vex you?" Ó rò pé n kò ní owó ọkọ̀ ni, ó ní kí n wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló máa ń kọ kẹ̀kẹ́ ọ̀fẹ́? Mo wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn tún dúró. Oore àwọn èèyàn yìí ló pa ìrìn mi. Kò pẹ́ tí mo fi padà sí kẹ̀kẹ́ pátápátá, mo tún ń sanwó.

Oníbàárà mi kan wà tó ń jẹ́ Mojọlá. Ilé iṣẹ́ epo ló gbé e wá láti Èkó. Òun ló máa ń ra edé mi tó dára jù, kì í sì í ná an. Ara rẹ̀ le, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Òun ló mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe eré ìdárayá nínú ilé. Ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, dígí wà yí ká, wọ́n wá gbé mi sórí ẹ̀rọ kan tí ilẹ̀ rẹ̀ ń sá lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn. Mo rìn, mo rìn, mo làágùn bí ẹni tó rìn dé Ovwian, nígbà tí mo gbójú sókè, ògiri àárọ̀ náà ni mo ṣì ń wò. Mo ní, "Mojọlá, níbo là ń lọ?"

"A ò lọ síbì kankan, mà."

"Kí ló wá dé tí a fi ń kánjú?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí tiẹ̀. Ó fún mi ní aago kan tó ń ka ìṣísẹ̀, pé kó máa gbà mí níyànjú. Mo lọ, mo tún lọ. Lẹ́yìn náà, òjò rọ̀. Lẹ́yìn náà, ìṣọ́ òru wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà, orí ń fọ́ mi, bàtà ń fún mi lẹ́sẹ̀, edé tuntun ń dé. Àwáwí tó wà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn pọ̀ ju ẹrù tó wà nínú ìsọ̀ mi lọ. Mojọlá wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó jókòó tì mí, kò bá mi jà.

"Ìyá Ìlérí, kí lẹ fẹ́ràn gan-an?"

"Oúnjẹ."

"Yàtọ̀ sí oúnjẹ."

"Ìjókòó."

Ó ní kí n ṣáà lọ rò ó dáadáa. Ó ní ohun tí kò bá dùn mọ́ mi, bópẹ́ bóyá màá sá fún un, ibi tó wù kí wọ́n gbé e sí. Mo ní ó ti gbọ́ ìdáhùn mi, ìjókòó ni.

Ìjókòó náà ló wá gbà mí. Ọkọ mi lọ sílé fún ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan, ó gbé ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì lọ. Àlùbọ́sà tán nílé. Ibi tí wọ́n ti ń tà á wà ní òdìkejì omi. Mo wo ìsàlẹ̀ ilé, mo rí ọkọ̀ kékeré tí mo fi ń ṣòwò nígbà ọ̀dọ́ mi, ó dojú bolẹ̀, adìyẹ ń sùn lórí rẹ̀. Mo lé adìyẹ. Mo tì í sómi. Mo jókòó, mo ti àjẹ̀ bọ omi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, èjìká mi tí mo rò pé wọ́n ti kú jí. Wọ́n jí pẹ̀lú ariwo, òótọ́ ni, àmọ́ wọ́n jí. Kùrukùru wà lórí omi, èéfín ẹja ń rùn wá láti ilé àwọn tó ti tètè dáná, ẹyẹ kan jókòó sórí gbòǹgbò igi ẹ̀gbà, igi tó ń hù nínú ẹrẹ̀ etí omi wa, ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ béèrè pé, "Ibo lo ti wà?" Mo wà á débẹ̀. Mo ra àlùbọ́sà. Nígbà tí mo fi máa padà délé, aṣọ mi ti lẹ̀ mọ́ mi lára, mo sì ń dá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n rín ní gìgísẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àlùbọ́sà ṣì pọ̀ nílé. Mo tún lọ.

Aago Mojọlá kò gbà pé mò ń ṣe nǹkan kan o. Òógùn á máa ṣàn lójú mi, apá mi á máa gbọ̀n, aago á máa kọ ọ́ síta pé mo ti jókòó jù, kí n dìde kí n rìn. Mo bú u. Mo bọ́ ọ sínú garawa edé.

Ẹ má rò pé gbogbo àárọ̀ ló ń dùn. Àwọn àárọ̀ kan wà tó jẹ́ pé oorun máa ń dì mọ́ mi lọ́rùn bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí dábùú àjẹ̀ mi sẹ́nu ọ̀nà yàrá kí n tó sùn, tó fi jẹ́ pé bí mo bá fẹ́ lọ tọ̀, mo gbọ́dọ̀ gbé e. Tí mo bá sì ti gbé e lọ́wọ́, ojú máa ń tì mí láti tún gbé e sílẹ̀. Ohun kejì ni àwọn ìyá tó wà ní òdìkejì. Wọ́n ti sọ mí di aago. Tí wọ́n bá ti rí mi tí mò ń kọjá, wọ́n á jí àwọn ọmọ fún iléèwé. Lọ́jọ́ kan tí mo sùn gbàgbé, èébú ni wọ́n fi jí mi láti òdìkejì omi: "Rebecca! O fẹ́ kí tíṣà na àwọn ọmọ wa ni?" Láti ọjọ́ náà, n kò tún sùn gbàgbé mọ́.

Ó wá di ọjọ́ kan, omi fà, àkàbà gùn síta. Àwọn ọkùnrin tó máa ń fà mí na ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n ń múra à ti pariwo. Mo ti dá àkàbà náà gùn, mo ti wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n ṣì na ọwọ́ sí omi, wọ́n ń wá mi. Mo ní, "Ta lẹ ń dúró dè?" Ayọ̀ tó wà nínú mi lọ́jọ́ náà, tí wọ́n bá ní kí n fi ìsọ̀ mi rà á, màá kó gbogbo edé ibẹ̀ lé e.

Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín nígbà náà. Eré ló pè é. Àfi lánàá tó jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn. A rí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, láìwọ bàtà, wọ́n ru igbá. Bámigbóyè, ọkùnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn, ló ṣíwájú. Òun náà ní ẹ́ńjìnnì, jẹ́tì rẹ̀ ló tẹ̀ lé tiwa, òun àti ọkọ mi sì ti jọ ń du ipò iwájú láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé. Wọ́n gbé púpurú, oúnjẹ gbágùúdá ilé wa, kalẹ̀, wọ́n gbé epo kalẹ̀, wọ́n gbé ẹja gbígbẹ kalẹ̀. Wọ́n gbé ẹja wá fún èmi ẹlẹ́ja! Mo mọ ẹja náà dáadáa, ìsọ̀ mi ni wọ́n ti rà á.

Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Olúwa tó gbà á ni yóò dá a padà."

Ọkọ mi la ojú nínú àdúrà. "Kí ló gbà?"

Bámigbóyè gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ẹ́ńjìnnì rẹ ni, ọ̀rẹ́ mi. Má tijú. Gbogbo wa la ti ń rí ìyàwó rẹ."

Akínsànmí fò dìde. Ó sáré sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀, ó ká tápólì kúrò lórí ẹ́ńjìnnì, ó fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, adìyẹ fọ́n ká. Àwọn obìnrin tẹ́tí sí i títí ó fi pa á. Bámigbóyè wá rọra sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmọ́ gbogbo wa la gbọ́: "Ó lọ yá ti ẹlòmíràn ni. Ojú ló ń tì í."

Ọkọ mi kò fọwọ́ kan púpurú náà. Èmi jẹ ẹ́. Ó rọ̀, ó dáa.

Bí àjẹ̀ mi ṣe di ohun tí a ń fà mọ́ra wa lọ́wọ́ láàárọ̀ òní nìyẹn.

"Ìyá Ìlérí," ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan gba ọwọ́ mi, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ náà. Ó ti ń le padà, ó ti so wóro wóro lábẹ́ àwọn ìka. "Wò ó. Kí ni mo sọ fún ìyá rẹ?"

Ìyẹn dùn mí ju ariwo lọ. Mo wò ó lójú. "Ẹ ti ṣe ohun tí ẹ sọ. Ìyá mi rí i kó tó lọ, ó sì súre fún yín. Àmọ́ ẹ wo àkàbà yìí. Ta ló fà mí gòkè lánàá?"

Ó wo àkàbà náà.

"Ta ló fà mí gòkè níjẹta?"

"Kò sẹ́ni," ó ní, bí ẹni tí wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà yọ lẹ́nu rẹ̀. "Ṣe nǹkan mìíràn nígbà náà. Padà sọ́dọ̀ Mojọlá. Màá sanwó rẹ̀."

"Mo lọ síbẹ̀, mo sá. Mo rìn ní títì, mo sá. Ẹ mọ̀ mí, ọ̀lẹ ni mí. Èyí nìkan ni n kò tíì sá fún, ẹ sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi nítorí ẹnu Bámigbóyè."

Ó fẹ́ sọ nǹkan. Mo rò pé ó fẹ́ gbà fún mi. Àmọ́ Bámigbóyè ti wà lórí jẹ́tì tirẹ̀ pẹ̀lú pákò lẹ́nu, ó ti ń gbọ́ wa láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Akínsànmí, jẹ́ kí ìyàwó rẹ máa wà á jàre! Ṣebí ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà á. Ìwọ kò lè gbé àjẹ̀ mọ́, ẹ́ńjìnnì ti jẹ apá rẹ tán!"

Ọkọ mi yíjú sí i. "Apá ta? Apá tèmi yìí?"

Ẹnu mi yá ju ọgbọ́n mi lọ. "Ó pa irọ́ ni? Apá tó jẹ́ pé okùn ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń fà?"

Gbogbo ẹsẹ̀ odò bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà ní òdìkejì náà rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ wọn ò tiẹ̀ gbọ́ ohun tí mo sọ. Ọkọ mi jọ̀wọ́ àjẹ̀ mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mo ṣubú.

"Ó dáa," ó ní. "Bámigbóyè, wá di adájọ́. Gbé ọkọ̀ kékeré tìrẹ fún mi. Èmi àti obìnrin yìí máa wà á dé ibi ọkọ̀ irin, a máa yí i po, a máa padà síbí. Tí mo bá ṣíwájú rẹ̀, àjẹ̀ yẹn máa wọnú iná, a máa fi yan ẹja."

"Tí èmi bá ṣíwájú ńkọ́?"

"O kò ní ṣíwájú."

"Tí mo bá ṣíwájú, ẹ̀yin náà máa bá mi wa ọkọ̀ láràárọ̀. Iwájú lẹ máa jókòó sí, níbi tí gbogbo èèyàn á ti rí yín. Tí wọ́n bá gbé púpurú wá, ẹ máa jẹ ẹ́."

"Mo gbà," ó ní, ó ti ń bọ́ aṣọ ìbora tó dà bo èjìká.

Ìlérí ti bọ́ síta pẹ̀lú fóònù. "Mama, abeg no fall my hand o! I dey video am for Aunty Mojọlá!"

Ọkọ̀ irin náà jẹ́ ọkọ̀ ńlá kan tó ti rì sí apá ìsàlẹ̀ odò, ìpẹtà ti mú un, ìdajì rẹ̀ yọ sókè. Òfin eré wa kò le. Òpó tó wà níwájú jẹ́tì wa ni òpin. Ẹni tó bá débẹ̀ máa fi àjẹ̀ lu òpó nígbà mẹ́ta, nítorí àwọn alárékérekè tó máa ń kàn án fìrí tí wọ́n á ní àwọn ti dé. Tí ẹni tó wà lẹ́yìn bá fọwọ́ kan òpó kí ìkẹta tó dún, eré bàjẹ́, wọ́n á tún un ṣe. Tí ìkẹta bá ti dún, ẹjọ́ ti parí, kò sẹ́ni tó tún gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.

Bámigbóyè pàtẹ́wọ́. A ṣí.

Kí n má parọ́, ọkùnrin ni Akínsànmí. Omi ń fà lọ sísàlẹ̀, ó ń gbé wa lọ, ọkọ mi sì fi gbogbo àyà rẹ̀ wà á. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń jìnnà sí mi. Ó tiẹ̀ yíjú, ó juwọ́ sí mi bí ẹni tó ń lọ sí ìlú òyìnbó. Nígbà tó yí ọkọ̀ irin po, mi ò tíì débẹ̀. A pàdé ara wa lójú omi, ó ní, "Lọ dáná sílẹ̀ dè mí!"

Mo yí po. Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí, nítorí omi tó gbé wa lọ náà ló kọjú sí wa báyìí.

Àwọn ẹlẹ́ńjìnnì, àárín odò ni ọ̀nà wọn. Wọn kì í sún mọ́ ẹ̀gbẹ́, nítorí gbòǹgbò ẹ̀gbà àti koríko ojú omi lè dì mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnnì kó ṣẹ́. Ọkọ mi ti gba àárín yẹn fún ọdún gbọọrọ, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ máa ń darí ọkọ̀ síbẹ̀ kí orí rẹ̀ tó dá sí i. Ibẹ̀ náà ló gbà. Ibẹ̀ sì ni omi ti lágbára jù. Èmi yà sí ẹ̀gbẹ́, mo sún mọ́ igi ẹ̀gbà tí ẹsẹ̀ wọn tàn sínú omi bí ẹsẹ̀ akàn, níbi tí mo máa ń gbà láràárọ̀. Omi ò sáré níbẹ̀, ńṣe ló ń rìn gbẹ̀rẹ́. Àwọn ibì kan tiẹ̀ wà tó ti ń yí padà díẹ̀, tó ń ti èèyàn lẹ́yìn.

Mo ń wà á. N kò kánjú. Mo ń kùn orin sí i lábẹ́ ahọ́n, èémí mi ń wọlé, ó ń jáde, ó ń tó mi. Mo ronú kan àwọn ọjọ́ tí mo máa ń dúró sórí jẹ́tì tí n kò lè sọ pé ẹ ṣeun. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí ọkọ mi ní àárín odò, omi ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀. Ó wà níwájú igi kan tó ti kú. Mo wà á díẹ̀ sí i. Ó ṣì wà níwájú igi náà.

"Bàbá Ìlérí!" mo ké sí i. "Ṣé ẹ ń lọ ni àbí ẹ ń bọ̀?"

Ó wo igi náà. Ó wò mí. Ó wá yé e. Ó fi igbe kan bọnu, ó yí orí ọkọ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́, ó tò mí lẹ́yìn. Àfi bí ẹni pé wọ́n tú u sílẹ̀. Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́yìn mi, hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀, mo sì ń gbọ́ pé ẹ̀rín wà nínú rẹ̀.

"Ìyá Ìlérí! Dúró dè mí!"

"Mo máa dúró dè yín ní jẹ́tì!"

"Wò ó, má fi mí ṣe ẹlẹ́yà lójú Bámigbóyè!"

"Ẹ dákẹ́, ẹ wa ọkọ̀ yín!"

Jẹ́tì ti kún. Àwọn obìnrin tó gbé púpurú wá náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé òdìkejì wà létí omi tiwọn pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó rántí tíṣà. Ìlérí ń fò sókè sódò, ó ti gbàgbé pé òun ń ya fídíò. Apá mi ń jó mi. Èjìká ọ̀tún ní òun ò lè mọ́, mo ní kó lọ bá dókítà sọ ọ́. Orí ọkọ̀ mi wọ abẹ́ jẹ́tì, mo nàró lórí eékún mi méjèèjì, eékún tó ń ráhùn yẹn, mo na àjẹ̀.

Ìkíní dún.

Ọkọ̀ mi mì, ó fẹ́ yí padà. Mo fi ẹ̀gbẹ́ gbé e. Mo tún na àjẹ̀.

Ìkejì dún.

Orí ọkọ̀ Akínsànmí gbá tèmi ní ẹ̀yìn. Ó ti dìde, ó na ara rẹ̀ gbọọrọ kọjá èjìká mi, ìka rẹ̀ ń wá òpó, ó ku díẹ̀ kó kàn án, ó ń mí sí mi lọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé, "Mo ti mú un, mo ti mú un." Àjẹ̀ fẹ́ yọ̀ lọ́wọ́ mi nítorí òógùn. Wóro wóro tó wà lábẹ́ ìka mi ló dì í mú. Mo gbé e sókè kọjá orí àwa méjèèjì, mo sì fi gbogbo ara mi lù ú mọ́ òpó náà, gbàà!